Lẹ́tà ṣíṣí sí àbúrò mi tó fẹ́ múra àkùkọ sílẹ̀ fún ìjà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì wo fídíò tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí àkùkọ Asil tí o rà, irú àkùkọ tí wọ́n ń sìn fún ìjà, bí ó ṣe na ọrùn sókè, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ẹran dáadáa ni, owó rẹ kò ṣègbé. Ohun mẹ́ta lo bi mí: iye ọjọ́ tí a fi ń múra àkùkọ sílẹ̀ kí ó tó wọ agbo ìjà, ohun tí a ń fún un jẹ ní àwọn ọjọ́ náà, àti bóyá kí o gé ogbe orí rẹ̀ báyìí tàbí kí o dúró títí yóò fi pé ọdún kan. Mo lè dá ọ lóhùn ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni ẹni kẹrin tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo yín lẹ sì sọ pé ojú fóònù lẹ ti kọ́kọ́ rí i. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba. N kò dárúkọ rẹ, n kò sì ní dárúkọ àdúgbò rẹ.

Ẹ̀kọ́ títọ́jú àkùkọ ìjà jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi, mo sì fẹ́ kí o kọ́ ọ. Ìjà tó wà ní ìparí rẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o fi sílẹ̀, apá tó jẹ́ ti ìjà náà ni n kò sì ní kọ́ ọ, bí o tilẹ̀ bínú sí mi.

Ọdún méjì ni mo fi kàwé ní Los Baños, ní agbègbè Laguna lórílẹ̀-èdè Philippines, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣáájú mi. Sabong ni wọ́n ń pe ìjà àkùkọ níbẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ tí Magellan, arìnrìn àjò ojú òkun, kó wá láti Yúróòpù dé erékùṣù Palawan ní 1521, Antonio Pigafetta tó ń kọ ìtàn ìrìn àjò náà sílẹ̀ rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń sin àkùkọ ńláńlá tí wọn kì í jẹ, pé ìjà ni wọ́n ń kó wọn jà, tí wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ lé wọn lórí. Òfin tí ìjọba wọn ṣe ní 1974, Presidential Decree 449, fàyè gba ìjà náà ní ọjọ́ Àìkú, ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba àti nígbà ọdún ìlú, nínú ilé ìjà tó bá ní ìwé àṣẹ. Gbọ̀ngàn Araneta ní Quezon City, tí Muhammad Ali àti Joe Frazier ti na ara wọn ní 1975, ni wọ́n ti ń ṣe World Slasher Cup, ìdíje àkùkọ tó lórúkọ jù lọ níbẹ̀. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọmọọ̀ta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó ń ṣe é gbà pé ogún ìdílé wọn ni.

Ẹnì kan tí a jọ wà ní kíláàsì, ọmọ agbègbè Batangas, ló mú mi lọ sí oko bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Lipa. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé olùtọ́jú àkùkọ tó kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mang ni wọ́n ń fi síwájú orúkọ rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń fi Bàbá síwájú orúkọ àgbà. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló máa ń jí, á mú tọ́ọ̀ṣì, á máa lọ láti àgò kan sí èkejì, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí á fi gbé àkùkọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ tán. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e, ọ̀kan lábẹ́ àyà, ọ̀kan lórí ẹ̀yìn. Á fi àtàǹpàkò tẹ ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun àyà, á tẹ́tí sí bí ó ṣe ń mí, á tú ìyẹ́ abẹ́ apá wò bóyá yọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, á sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó lè mọ̀ bóyá ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn àgbà wa ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọwọ́ bàbá yẹn ń mọ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún tí o gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìparí iṣẹ́ ni. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti ń tú àwọn ọ̀dọ́ àkùkọ sí pápá, kí wọ́n lè máa jẹ koríko àti kòkòrò, kí wọ́n máa fò sórí igi sùn, kí apá àti ẹsẹ̀ wọn lè le fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn, wọ́n á kó wọn kúrò ní pápá, wọ́n á sì fi okùn so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgọ́ kékeré onígun mẹ́ta tí kò ga ju orúnkún lọ, pẹ̀lú àlàfo tó jẹ́ pé okùn ọ̀kan kò lè dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìkẹyìn, wọ́n á fún un ní oògùn aràn, wọ́n á fi ọṣẹ tó ń pa yọ̀rọ̀ wẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láti àgò kan bọ́ sí òmíràn ní ọjọ́ kan náà. Àgò kan ga, igi ìdúró wà lókè rẹ̀, kí ó lè máa fò lọ fò bọ̀. Òmíràn kún fún ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ dé ìdajì, wọ́n á sì da ọkà sí ìsàlẹ̀ ewé náà, tó fi jẹ́ pé kí ó tó jẹ hóró kan, yóò tàn án dáadáa. Bàbá náà sọ fún mi pé àkùkọ tó bá dúró sójú kan ju wákàtí díẹ̀ lọ máa ń sú ara rẹ̀, àti pé ara tó bá sú kì í gba oúnjẹ. Òṣùwọ̀n kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ń wọn àkùkọ kọ̀ọ̀kan ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ní gíráàmù, ó sì mọ ìwọ̀n tí ara olúkúlùkù ti máa ń yá jù.

Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, iṣẹ́ á dín kù, àgò á ṣókùnkùn, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Àgbàdo fífọ́ á pọ̀ sí i nínú oúnjẹ, omi á di wíwọ̀n. Nígbà náà ni mo rí ohun tí n kò rí rí ní gbogbo ọdún tí mo ti ń tọ́jú adìẹ. Bàbá náà tẹ́ pépà funfun sí abẹ́ àgò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo ìgbẹ́ adìẹ lórí rẹ̀ bí dókítà ṣe ń wo àwòrán egungun. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, oúnjẹ á gbẹ díẹ̀ sí i. Bí ó bá gbẹ jù, á fún un ní funfun ẹyin sísè, nítorí ẹran ara ló ti ń gbẹ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi ìṣáná yí ìgbẹ́ náà kiri lórí pépà, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ibí yìí ló ti ń sọ̀rọ̀."

Mo sọ òtítọ́ fún ọ, n kò tíì rí ọ̀pọ̀ olùsìn adìẹ nílẹ̀ Yorùbá tó mọ adìẹ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A máa ń kó ẹgbẹ̀rún òròmọdìẹ pọ̀ sínú yàrá kan, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí á tó gbé ọ̀kan lọ́wọ́. Àwọn ìyá wa tó ń tú adìẹ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé mọ tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ń kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì mọ èyí tí kò wọlé. Wíwọ̀n ara lójoojúmọ́, wíwo ìgbẹ́, fífi ewé gbígbẹ ṣe ilẹ̀ kí adìẹ lè rí nǹkan tàn, àti fífi ọwọ́ kan ẹran kí àìsàn tó hàn sójú, mo fẹ́ kí o kó gbogbo rẹ̀, kí o má fi ọ̀kan sílẹ̀.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ ibi tí ó parí sí, nítorí fídíò tí o wò kì í sábà dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo bá wọn lọ sí ilé ìjà. Àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ dúró yí agbo ká, wọ́n ń na apá méjèèjì, wọ́n ń fi ìka ṣe àmì iye owó fún àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún, nítorí nínà apá yẹn, bíi ti Kristi lórí àgbélébùú, ni wọ́n sì ṣe ń pè wọ́n ní kristo. Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì, kò sì sí ẹni tó ń yẹ àdéhùn. Mo fi igba peso, owó Philippines, lé àkùkọ bàbá náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dídi abẹ gbé ẹsẹ̀ òsì àkùkọ náà, ó so abẹ kan tí wọ́n ń pè ní tari mọ́ ọn, abẹ tó tẹ̀ díẹ̀, tó gùn tó ìka ọwọ́ mi, tó mú débi pé inú àkọ̀ awọ ló wà títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Wọ́n tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Wọ́n fò pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì péré. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Àkùkọ bàbá náà ṣubú, ó gbìyànjú láti dìde, ìfun rẹ̀ ti wà níta. Adájọ́ gbé àwọn méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan, ó gbé wọn sílẹ̀, tiwa kò lè sọ ẹnu kan èkejì mọ́. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ fún ẹni tó borí pé kí ó lọ sè é, nítorí bí àṣà wọn ṣe rí nìyẹn. Bàbá náà fọ ọwọ́ rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, kò sọ nǹkan kan. Ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ń lọ láti àgò kan sí èkejì, ó sì dúró díẹ̀ níwájú èyí tó ṣófo.

Kí n tó débẹ̀, ìdùnnú ni mo bá wọlé. Mo ti ń ka iye tí igba peso mi yóò di. Mo jẹ́wọ́ èyí fún ọ nítorí n kò fẹ́ kí o rò pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí i rí ló ń bá ọ wí.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ìjà wà lára àkùkọ, pé èèyàn kọ́ ló kọ́ ọ. Òótọ́ ni pé àkùkọ ń jà. Ṣùgbọ́n lọ wo ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ. Àkùkọ méjì á kọlu ara wọn, ìyẹ́ á fò, ogbe á ṣẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan á yí ẹ̀yìn padà sá lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí títí di ọjọ́ mìíràn. Sísá lọ yẹn wà lára rẹ̀ bí ìjà náà ṣe wà. Ohun tí agbo ìjà ṣe ni pé ó mú àyè sísá lọ kúrò. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ìran yọ èyí tó bá ń sá kúrò lára àwọn tí wọ́n fi ń bí ọmọ, wọ́n sì fi abẹ rọ́pò ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ẹranko ní Philippines, tí wọ́n ṣe ní 1998, dárúkọ ajá àti ẹṣin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọn jà. Wọn kò dárúkọ àkùkọ. Àkùkọ ń jẹ̀rora bí ajá, àwọn tó ń ran egbò wọn lẹ́yìn agbo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo rí bí wọ́n ṣe ń bo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

Apá lẹ́tà rẹ tó bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí o ti sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ máa fi ìjà náà hàn tààrà lórí fóònù, kí àwọn èèyàn lè máa fi owó ránṣẹ́. Jọ̀wọ́, fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Nígbà tí àrùn Kòfíìdì ti àwọn ilé ìjà ní Philippines pa ní 2020, tẹ́tẹ́ àkùkọ ṣí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pè é ní e-sabong, ìjọba sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Òfin 1974 tó fi ìjà mọ sí ọjọ́ Àìkú kò ní agbára mọ́, nítorí ojú fóònù kò ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń jà tọ̀sán tòru, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè fi owó oúnjẹ ọmọ lé àkùkọ tí kò rí rí. Láàárín 2021 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2022, àwọn èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ àkùkọ bẹ̀rẹ̀ sí í di àwátì, iye wọn tí ilé aṣòfin àgbà wọn ń wádìí sì dé 34. Ààrẹ Duterte sọ ní gbangba pé owó orí tó ń wọlé, 640 mílíọ̀nù peso lóṣù, ló mú òun lọ́ra, kí ó tó pàṣẹ ní oṣù Karùn-ún 2022 pé kí e-sabong dúró. Ààrẹ Marcos tó gbapò rẹ̀ fi ọwọ́ sí àṣẹ mìíràn ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé kò gbọdọ̀ padà. Ní oṣù Keje 2025, àwọn òmùwẹ̀ ìjọba ṣì ń wá egungun nínú adágún Taal, ní Batangas kan náà tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi, lẹ́yìn tí ẹnì kan sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n sọ àwọn tó sọnù sí. Olùtọ́jú àkùkọ wà lára àwọn tó sọnù. Àwọn tó ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni, bíi bàbá yẹn.

Ní àdúgbò tiwa, ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wà ní gbogbo ìkóríta, àwọn ọmọ tí kò tíì gba ìwé mẹ́wàá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ta á lórí fóònù. Epo ti dà sílẹ̀ tán. Èyí tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ni ìṣáná.

Ní ti òfin wa, n kò ní gùn ún. Criminal Code tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ní abala 495 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti mú kí ẹranko jà tàbí láti ṣe ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì sọ irú ẹranko kan pàtó. Mo mọ̀ pé wàá ní àgbò ń kan ara wọn ní gbangba nígbà tí Iléyá bá ku díẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n mú. Òótọ́ ni, n kò sì fara mọ́ ìyẹn náà. Àìmú ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà.

Gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹranko, àrùn ni mo tún ń rò. Àkùkọ ìjà máa ń rìnrìn àjò, ó ń pàdé àjèjì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kan ẹ̀jẹ̀ òmíràn, ẹni tó gbé e sì ń fi bàtà kan náà wọ ilé adìẹ rẹ̀ padà. Lùkúlùkú tí àwọn oyìnbó ń pè ní Newcastle bẹ́ sílẹ̀ ní California ní 2002, láàárín àwọn àkùkọ ìjà tí wọ́n ń sìn lẹ́yìnkùlé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Kí ó tó parí ní 2003, adìẹ tí wọ́n pa lé ní mílíọ̀nù 3, títí kan ti àwọn olóko ńlá tí kò mọ nǹkan kan nípa ìjà. Abẹ náà kì í sì í mọ ẹni tó ń bá jà. Ní oṣù Kẹwàá 2020, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Northern Samar, ní Philippines, lọ tú agbo ìjà tí kò bófin mu ká, ó gbé àkùkọ kan tí abẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, abẹ náà gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ní itan rẹ̀, ó sì kú.

Kí wá ni kí o fi Asil rẹ ṣe? Nígbà tí òfin fi òpin sí ìjà àkùkọ ní England ní 1835, àwọn tó ń sìn wọ́n kò pa wọ́n run. Ní 1845 ni wọ́n ṣe ìfihàn adìẹ àkọ́kọ́ nínú ọgbà ẹranko London, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́kùkọ ìjà sì yí ọgbọ́n wọn padà sí ti ẹwà, ìdúró àti ìran tó mọ́. Ní Cornwall, wọ́n mú Asil bíi tìrẹ gan-an, wọ́n fi kún adìẹ ìjà ilẹ̀ wọn àti irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní Malay, adìẹ aláyà fífẹ̀ kan sì jáde tí wọ́n ń pè ní Cornish. Adìẹ yẹn ni wọ́n fi gun irú adìẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Plymouth Rock nígbà tó yá, ibẹ̀ sì ni boróílà tí gbogbo wa ń jẹ lónìí ti wá. Àyà ńlá tí o rí nínú àwo ní òde ìgbéyàwó, ara baba ńlá àkùkọ rẹ ló ti wá.

Nítorí náà, fi í gun adìẹ ìbílẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, àwọn tí ìyá wọn ti la ọ̀gbẹlẹ̀ àti àrùn kọjá lẹ́yìnkùlé. Fi òpìpì kan kún un, nítorí adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ máa ń fara da ooru. Wọn àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí bàbá Batangas ṣe ń wọn tirẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa adìẹ ìbílẹ̀ wa títí wọ́n fi rí irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, ìwọ̀n ara àti ìwé àkọsílẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà fi dúró. Èmi yóò fún ọ ní òṣùwọ̀n kan. Àwọn mẹ́ta yòókù tó kọ̀wé sí mi, bí wọ́n bá ka èyí, kí wọ́n mọ̀ pé ìlérí náà kan àwọn pẹ̀lú.

Ó ku ìbéèrè rẹ kẹta. Má gé ogbe rẹ̀. Ibẹ̀ ni ooru ara rẹ̀ ti ń jáde lọ́sàn-án, tìrẹ sì kéré tẹ́lẹ̀ nítorí irú ẹran tó jẹ́. Tí o bá ti gé e kí lẹ́tà yìí tó dé, má fi eérú tàbí epo bẹntiróòlù sí egbò náà. Fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, gbé e sí ibi tí eṣinṣin kò ní dé, kí o sì gbé e wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé. Agogo méje àárọ̀ ni mo máa ń ṣí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
dókítà ẹranko kan ní Abẹ́òkúta.